Ojú ọ̀run ṣú, òjò ò rọ̀, kòkó mi ò gbẹ: ṣé lóòótọ́ ni ọwọ́ òkun wà níbẹ̀?

Àgbẹ̀_Ìfẹ̀wàrà · Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti sá kòkó sórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ojú ọ̀run á ti ṣú, ẹ ó rò pé òjò fẹ́ ya lulẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́, ẹ̀kán kan ò ní kán. Oòrùn ò ní yọjú títí di aago mọ́kànlá, nígbà mìíràn títí di ọ̀sán gangan. Lánàá mo ki ọwọ́ bọ inú kòkó náà. Tòkè ti gbẹ díẹ̀, tìsàlẹ̀ ṣì ń yọ̀, nǹkan funfun kan sì ti fẹ́ máa hù sí i lára. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ mi kò ní gba èyí tó bá bu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé níbẹ̀ náà ni àgbàdo tí mo gbìn ní ìparí oṣù tó kọjá wà, ewé rẹ̀ ti ń ká bí ẹni ká ẹní. Òjò kò rọ̀, oòrùn kò ràn!

Ọmọ mi tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga sọ fún mi lórí fóònù pé omi òkun ló tutù tó fi rí bẹ́ẹ̀. Òkun wo? Láti Ìfẹ̀wàrà dé etí òkun lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé òjò máa ń dá ní oṣù Kẹjọ, mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ òkun sí i rí. Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ.

Ìyá_Àtakúmọ̀sà · Ọjọ́ Ajé, 7:50 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Bákan náà ló rí ní Iléṣà níbí. Kùrukùru á bo títì débi pé àwọn ọlọ́kadà á tan iná ní aago méje àárọ̀. Ata tí mo sá ní ọjọ́ Ẹtì, mo kó o wọlé lánàá, mo lọ fi iná yan án. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ti òkun yìí.

Olùkọ́_Mọ̀rè · Ọjọ́ Ajé, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ọmọ yín kò parọ́. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Ifẹ̀, ìbéèrè yìí gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìnkùlé yín bẹ̀rẹ̀ ká tó dé òkun.

Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ní aago méjì ọ̀sán, ẹ fọwọ́ kan páànù tó wà nílẹ̀, á jó yín. Ẹ ki ọwọ́ kan náà bọ omi inú dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ojú rẹ̀ á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ìsàlẹ̀ á tutù. Ẹ padà síbẹ̀ ní aago méjì òru. Páànù ti tutù bí òkúta inú odò, omi dúrọ́ọ̀mù ò tíì yí padà púpọ̀. Oòrùn kan náà ló pa àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ ni páànù, òkun ni dúrọ́ọ̀mù. Omi kì í tètè gba ooru, tó bá sì gbà á tán, kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Òkun yìí ló sì bo nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 ojú ayé. Mítà mẹ́ta òkè rẹ̀ nìkan lè gba ooru tó tó èyí tí gbogbo afẹ́fẹ́ ayé lè gbà, láti ilẹ̀ títí dé òkè pátápátá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà kọjá ló ti ń mú ìwà. Èyí tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá ni ọyẹ́ tó ń bó wa létè. Èyí tó gba orí òkun wá ló ń ru omi.

Bí ọdún bá ti wọ oṣù Kẹta, Ìkẹrin, ilẹ̀ òkè Ọya àti Sàhárà á ti gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ tó gbóná á máa gòkè, ti òkun á máa rọ́ wọlé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Òun ló ń gbé òjò àkọ́rọ̀ wá fún wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kòkó yín wà nìyí o. Láti oṣù Karùn-ún, afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé á le sí i, á máa ti omi ojú òkun sí ẹ̀gbẹ́. Omi ìsàlẹ̀ tí oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á rú jáde láti dípò èyí tó lọ. Àwọn ibì kan wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì tí omi tó tó 28°C ní oṣù Kẹrin ti ń bọ́ sí bíi 23°C ní oṣù Keje sí Ìkẹjọ. Ní etí òkun Gánà àti Ivory Coast náà, omi tútù ń rú bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án. Bí òkun bá ti tutù tó báyìí tí Sàhárà ń gbóná, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì á pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á tún le sí i, á tún rú omi tútù sí i. Òkun ń ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ń ti òkun. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi dúró méjì-méjì kí wọ́n gbá ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n máa fa ara wọn síwá sẹ́yìn kó lè yé wọn.

Afẹ́fẹ́ tó gba orí omi tútù kọjá wúwo, kì í fẹ́ gòkè. Òjò ńlá sì nílò ìkúukùu tó ga, tó lọ sókè bí òkè ńlá. Èyí tí ẹ ń rí láàárọ̀ yìí tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ó ga mọ níwọ̀nba. Ó tó láti dí oòrùn, kò tó láti rọ̀. Lẹ́yìn náà, ibi tí òjò pọ̀ sí jù ti ṣí lọ sí òkè Ọya. Ẹ pe ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀ ní Kánò tàbí Sókótó lónìí, òjò ló wà níbẹ̀. Bí oṣù Kẹsàn-án bá dé, á máa padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Ọmọ_Obòkun · Ọjọ́ Ajé, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, Olùkọ́. Ṣùgbọ́n mo kà á níbì kan pé El Niño ló ń dá òjò dúró ní oṣù Kẹjọ. Èwo ni ká gbà?

Olùkọ́_Mọ̀rè · Ọjọ́ Ajé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Rárá o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún ni ti oṣù Kẹjọ yìí ń wá. El Niño kì í wá lọ́dọọdún, ọdún méjì sí méje ló máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, òkun Pàsífíìkì ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ibẹ̀ bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lè fi kún ìyọnu wa tàbí kó dín in kù, òun kọ́ ló dá a sílẹ̀.

Atukọ̀_Àná · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Mo jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Olùkọ́ nípa omi tó ń tutù. Iléṣà ni mo fẹ̀yìn tì sí, ṣùgbọ́n inú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Omi òkun la fi ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Níbi tí omi ti ń wọlé, aago kan wà tó ń sọ bó ṣe gbóná tó. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin la máa ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan, tí a ó sì fọwọ́ sí i.

Tí a bá gbéra láti Èkó ní oṣù Kẹrin, 28, 29 ni mo máa ń kọ. Ní oṣù Kẹjọ, bí a bá ti ń sún mọ́ Takoradi ní Gánà, iye náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́: 26, 25, 24. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé aago ti bàjẹ́. Ọ̀gá mi, ará Gánà ni, ní kí n gun òkè lọ, kí n lọ wo ojú omi. Àwọ̀ rẹ̀ ti yí sí ewé, ọkọ̀ apẹja sì kún orí rẹ̀ lọ jàra. Ó ní oúnjẹ ẹja ló ń bá omi tútù gòkè láti ìsàlẹ̀.

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé irú ìwé tí à ń kọ yẹn wúlò fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo gbọ́ pé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ bíi tiwa wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi mọ bí òkun ṣe gbóná tó láyé ìgbà tí sátẹ́láìtì kò tíì sí. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Fíṣíìsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 òru

Bàbá Atukọ̀, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ti yín lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Ìfẹ̀wàrà, ẹ gbọ́ èyí: ìkúukùu tí kò jẹ́ kí kòkó yín gbẹ yìí, Ifẹ̀ níbí wà lára ibi tí wọ́n ti wá kọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà àti Keje ọdún 2016, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan wáyé tí wọ́n ń pè ní DACCIWA, àwọn ará Yúróòpù àti àwọn onímọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló jọ ṣe é. Ibi mẹ́ta ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí lórí ilẹ̀: Savè ní orílẹ̀-èdè Benin, Kumasi ní Gánà, àti Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ń ju bàlúùnù sókè tọ̀sán-tòru láti wọn afẹ́fẹ́.

Ohun tí wọ́n rí ló dáhùn ìbéèrè yín nípa ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ tó gbóná máa ń ru afẹ́fẹ́ sókè sódò, bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò. Rúkèrúdò yẹn kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù tó wà létí òkun ráyè wọlé. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ á rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun á wá rìn wọlé ní wọ́ọ́rọ́wọ́, láàárín alẹ́ sí òru, kò ní ga ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ. Ìgbà tí ẹ bá ń sùn ló ń kọjá lórí ilé yín. Òtútù tó bá a wá ló ń sọ omi inú afẹ́fẹ́ di ìkúukùu láti bíi ọ̀gànjọ́, kò sì ní túká títí oòrùn á fi ráyè yọ ọ́ ní ìyálẹ̀ta tàbí ọ̀sán. Ẹ dìde ní aago mẹ́ta òru ọ̀la, ẹ dúró síta, ẹ kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ̀ ọ́n lára lójú yín.

Ìyá_Àtakúmọ̀sà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀

Ọmọ mi, o káre. Wàyí o, ẹ sọ ti El Niño yìí fún mi. Lọ́dún 2024 tí kòkó gbówó lórí bẹ́ẹ̀, orúkọ yẹn làwọn tó ń ra kòkó ń pè lọ́jà. Mo rò pé ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Fíṣíìsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Màmá, àwọn apẹja ilẹ̀ Peru ló sọ ọ́ lórúkọ. Ní nǹkan bí àsìkò Kérésìmesì, omi gbígbóná máa ń dé etí òkun wọn, wọ́n wá fi ọmọ-ọwọ́ Jésù sọ ọ́. Lọ́dún tó bá pọ̀ jù, ẹja á pòórá.

Ẹ bu ọbẹ̀ gbígbóná tí epo léfòó lójú rẹ̀ sínú àwo, kí ẹ wá máa fi ẹnu fẹ́ ẹ láti etí kan. Epo á rọ́ lọ sí etí kejì, ọ̀dọ̀ yín á sì ṣófo. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe òkun Pàsífíìkì nìyẹn: láti ìhà Peru ló ti ń fẹ́ omi gbígbóná lọ sí ìhà Indonesia, débi pé ojú òkun lọ́hùn-ún ga ju ti Peru lọ ní nǹkan bí ìdajì mítà. Omi tútù ló ń rú jáde ní Peru láti dípò rẹ̀, ìdí tí ẹja fi pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá wá dákẹ́ fífẹ́, epo á rọ́ padà wá bá yín. Òun ni El Niño. Òjò tó yẹ kó rọ̀ ní Indonesia àti Australia á bá omi gbígbóná yẹn ṣí kúrò, ọ̀dá á mú wọn. Peru á kún fún àgbàrá. Tí ẹ bá sì fẹ́ ẹ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, La Niña nìyẹn, òdìkejì rẹ̀.

Ó pẹ́ kí aráyé tó so ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Gilbert Walker, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di ọ̀gá àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní Íńdíà ní 1904, fẹ́ mọ ìdí tí òjò fi máa ń já àwọn ará Íńdíà kulẹ̀. Ó rí i pé bí afẹ́fẹ́ bá wúwo ní apá kan Pàsífíìkì, á fúyẹ́ ní apá kejì, bí òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ata. Kò mọ ohun tó ń tẹ òṣùwọ̀n náà. Ọdún 1969 ni onímọ̀ ojú ọjọ́ kan, Jacob Bjerknes, tó fi hàn pé òkun àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń ṣe é, pé nǹkan kan náà ni òṣùwọ̀n Walker àti omi gbígbóná àwọn apẹja Peru.

Ti kòkó: òjò pọ̀ jù ní Gánà àti Ivory Coast ní 2023, kòkó dúdú lórí igi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, nígbà tí El Niño ṣì wà. Igi tó ti gbó àti àrùn wà níbẹ̀ náà, kì í ṣe òkun nìkan. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kẹta 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní New York.

Àgbẹ̀_Ìfẹ̀wàrà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:48 alẹ́

Ọbẹ̀ yẹn yé mi yékéyéké. Mo rántí 1983. Ọmọdé ni mí, ọyẹ́ ọdún náà gbẹ débi pé iná mú oko bàbá mi, mo fojú ara mi rí i tó jó lẹ sójú kan. Ṣé El Niño wà lọ́dún yẹn?

Olùkọ́_Mọ̀rè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Ó wà, Bàbá, 1982 sí 1983, ó sì wà lára àwọn tó le jù nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Iná jó oko kòkó ní Gánà rẹpẹtẹ lọ́dún yẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ọmọ_Obòkun · Ọjọ́rú, 10:11 àárọ̀

Ọ̀dá tó mú òkè Ọya láyé àwọn ọdún 1970 sí 1980 ńkọ́? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé màlúù àwọn darandaran ló jẹ koríko tán tí òjò fi kọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Fíṣíìsì · Ọjọ́rú, 12:55 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́ lóòótọ́. Ó dùn mí pé ó ṣì ń jáde nínú ìwé kan títí di òní. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan fi bí ojú òkun ṣe gbóná tó láti ọdún dé ọdún sínú kọ̀ǹpútà, wọn ò fi màlúù sí i, wọn ò gé igi kan. Ọ̀dá náà jáde, ó sì jọ bó ṣe wáyé. Òkun Àtìláńtíìkì ti àríwá ló tutù, ti gúúsù gbóná, òkun Íńdíà náà gbóná, òjò wá kọ̀, kò gòkè dé Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà. Èéfín ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó ń dí oòrùn wà lára ohun tó mú Àtìláńtíìkì ti àríwá tutù bẹ́ẹ̀. Koríko tó tán mú kó le sí i, òun kọ́ ni orísun rẹ̀. Ẹni tí màlúù rẹ̀ kú tán ni wọ́n tún di ẹ̀bi rù.

Ìyá_Àtakúmọ̀sà · Ọjọ́rú, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Áà. Ìyẹn ò dáa.

Atukọ̀_Àná · Ọjọ́rú, 9:02 alẹ́

Ìbéèrè tèmi: ṣé oṣù Kẹjọ lè wá kí omi má tutù?

Olùkọ́_Mọ̀rè · Ọjọ́bọ̀, 3:50 ọ̀sán

Ó lè ṣẹlẹ̀, Àtìláńtíìkì náà ní Niño tirẹ̀. Lọ́dún bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á rọ̀, omi tútù ò ní rú tó bó ṣe yẹ, òjò á sì pọ̀ jù ní etí òkun wa. Ti 2021 le débi pé omi apá ìlà-oòrùn ibẹ̀ fi ju 1°C gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń wo òkun.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Nínú ooru tí èéfín epo rọ̀bì àti èédú ń há mọ́ ayé, ó ju ìdá 90 nínú 100 lọ tí òkun ń gbà mì. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, òun ló gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Mo ti sọ pé òkun kì í tètè jọ̀wọ́ ooru tó bá gbà. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ yìí ló máa bá a gbé.

Àgbẹ̀_Ìfẹ̀wàrà · Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀

Mo dìde ní aago mẹ́ta òru bí Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo. Lóòótọ́ ni, afẹ́fẹ́ náà ń bọ̀ láti ìhà ibi tí oòrùn ń wọ̀, ó tutù, ó dúró ṣinṣin, kò dà bí ti ìjì rárá. Ìràwọ̀ wà lókè nígbà tí mo jáde. Kí n tó wọlé, ìkúukùu ti bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń gbé abẹ́ ọ̀run yìí láti kékeré, mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí.

Kí ni kí n ṣe sí kòkó báyìí, ìgbà wo sì ni kí n gbin àgbàdo mìíràn?

Olùkọ́_Mọ̀rè · Ọjọ́ Ẹtì, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbé ẹní kúrò nílẹ̀, ẹ fi ọparun ṣe pẹpẹ tó ga dé ìbàdí, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má tẹ́ ẹ nípọn, ẹ máa rò ó léraléra. Ní ti àgbàdo, ẹ ní sùúrù títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọdọọdún ni NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ojú ọjọ́, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde, wọ́n máa ń sọ nínú rẹ̀ bí òjò ṣe máa dá pẹ́ tó ní oṣù Keje sí Ìkẹjọ. Ìwọ̀n bí òkun ṣe gbóná tó wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò.

Àgbẹ̀_Ìfẹ̀wàrà · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, 7:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe pẹpẹ náà, kòkó yòókù gbẹ ní ọjọ́ mẹ́fà. Èyí tó bu, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, kò ju kóńgò méjì lọ.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún rọ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ti àná ti wá. Ìkúukùu dúdú kan dìde bí ògiri lápá ibẹ̀, ìjì ṣíwájú rẹ̀, ó ká páànù kan lórí ilé ìdáná mi. Ṣé kì í ṣe ti òkun nìyẹn ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Fíṣíìsì · Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́

Ẹ kú ewu, Bàbá. Omi inú rẹ̀, ti òkun ni, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló gbé e wọlé. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ló ń ti ìjì náà láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń rìn bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án, àwọn kan nínú wọn ń kọjá Senegal bọ́ sórí Àtìláńtíìkì. Bí wọ́n bá bá omi tó gbóná ju bíi 26°C lọ níbẹ̀, wọ́n lè di ìjì ńlá tó ń wó ilé ní Amẹ́ríkà.

Àgbẹ̀_Ìfẹ̀wàrà · Ọjọ́ Ajé, 5:55 àárọ̀

Mo ti kan páànù náà padà. Ilẹ̀ rọ̀ dáadáa, ọkọ́ wọ inú rẹ̀ láìjanpata. Mò ń kó irúgbìn àgbàdo lọ sóko báyìí. Mo ra ìwé kékeré kan lánàá, mo kọ ọjọ́ òjò méjèèjì sí i àti ibi tí ó ti wá. Bàbá Atukọ̀, ẹ bá mi wò ó bí a bá pàdé ní Iléṣà, kí ẹ fi bí ẹ ṣe ń kọ tiyín hàn mí.

Atukọ̀_Àná · Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Mo ń retí yín. Ẹ máa kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dá pẹ̀lú.